Bí Olúwa Kò Ṣe Jẹ́ Kí N Pa Ojú Mi Rẹ́

Ẹ gbé ohùn yín sókè, kí ó borí ariwo mọ́tò tó ń kọjá níta: Ọlọ́run wa tóbi! Ẹ tún un sọ, nítorí ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn yẹn kò tíì la ẹnu. Ọlọ́run wa tóbi! Ògo ni fún Un, ẹni tó wá mi rí nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Félicité, Abẹ́kẹ́ ọmọ Kétu, aránṣọ tó ń gbé ní Dapoya. Àwọn kan nínú yín ti bi mí ìdí tí n kò fi yọjú sí ilé Olúwa fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan ò bi mí, wọ́n kàn ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé iṣẹ́ ti ń lọ dáadáa fún mi, pé mo ti ń gbéraga. N kò bínú. Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹkún bá sì gbọ̀n mí, ẹ jẹ́ kí n sun ún tán, kí ẹnikẹ́ni má wá fi áńkáṣíìfù dí mi lẹ́nu.

Nígbà tí mo dé Ouagadougou, ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀, àǹtí mi tó mú mi wá kọ́ iṣẹ́. Kò pẹ́ tí àǹtí mi bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Abidjan, wọ́n fi máṣíìnì kan sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú yàrá tí wọ́n ń háyà. Mọ́sì, àwọn onílẹ̀ ìlú yìí, ni gbogbo àwọn tó wà nínú àgbàlá wa. Wọ́n ń kí mi, èmi náà ń kí wọn. Ṣùgbọ́n Mooré, èdè wọn, tí mo gbọ́ nígbà náà tó láti ra tòmátì lọ́jà ni, kò tó láti bá èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá jókòó sábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi á máa rán aṣọ mi nínú yàrá, n kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àlejò bíi tèmi, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù wá. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní kí n rán an bíi ti aṣọ lágbájá. Ní báyìí, wọ́n á na fóònù sí mi lójú, wọ́n á ní irú èyí ni àwọn fẹ́, obìnrin kan á sì wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún mi pé kí èmi náà ṣí ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n máa gbé àwòrán iṣẹ́ mi síbẹ̀. Mo ra fóònù tó lè yàwòrán. N kò ní ẹni tó máa wọ aṣọ náà fún mi, èmi fúnra mi ni mo ń wọ̀ ọ́. N kò sì ní ẹni tó máa ya mí. Mo máa gbé fóònù ti máṣíìnì, màá tẹ̀ ẹ́, màá sáré lọ dúró níwájú ògiri, màá rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, àwòrán àkọ́kọ́ yẹn dùn mọ́ mi. Àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí ń kọ ọ́ pé c'est joli, pé ó rẹwà, pé ọwọ́ mi dára. Ìrẹsì mi jóná lórí iná lọ́jọ́ náà nítorí mo ń wò ó. Ẹni tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí fóònù wá dún tó ní ẹnì kan ti kọ̀wé sí i, ẹ má bi í bóyá inú rẹ̀ dùn.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan kọ tirẹ̀. Ní èdè Faransé ló kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lédè wa. Ó ní, "Ẹ wo ẹrú mi! Ta ló gbà fún ọ láti wọ aṣọ tó dára tó báyìí? Ológbò wo ló fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ya? Padà sóko, lọ jẹ ẹran kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ." Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ títí, kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Ará, ẹ wo ojú mi. Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n kọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Ààrẹ tó wà lórí oyè ní ìlú yìí nígbà náà ló ṣì wà níbẹ̀ lónìí, torí náà ẹ mọ̀ pé ilà náà ti pẹ́. Ní Kétu, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ìyá mi ní in, bàbá mi ní in, mo rò pé bí ojú ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn kọ̀wé ni mo kọ́kọ́ jókòó síwájú dígí láti ka ilà ara mi.

Mo pa àwòrán náà rẹ́. Mo gbé òmíràn síbẹ̀, ó tún dé, ó tún pè mí ní ẹrú, ó tún béèrè ológbò. Ó dà bíi pé ó ń ṣọ́ mi. Bí mo bá ti gbọ́ tí fóònù dún, màá dojú rẹ̀ dé.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn obìnrin yòókù. Èmi tí mò ń wo aṣọ tẹ́lẹ̀, n kò wo aṣọ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mò ń wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń dán bí ẹ̀yìn àwo, kò sí àmì kankan níbẹ̀, kódà kò sí ihò irun. Mo máa fi ìka fa àwòrán wọn tóbi, màá wá fi dígí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Máṣíìnì á dákẹ́, aṣọ oníbàárà á wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú mi níbẹ̀, ará. Àwọn obìnrin yẹn kò mọ̀ pé mo wà láyé. Èmi ni mò ń bú ara mi fún wọn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé orí ara mi kúrò nínú àwòrán. Láti ọrùn dé ẹsẹ̀ ni mò ń gbé síta. Oníbàárà kan bi mí tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ibo ni mo gbé orí mi sí, mo rẹ́rìn-ín, mo wọlé, mo sunkún. Tí mo bá ń jáde, mo máa fi ìbòrí bo ojú títí dé imú, débi pé àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí Dapoya bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní salaam. Mo ń dá wọn lóhùn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìdí tí n kò fi wá síbí mọ́ náà nìyẹn. Mo rántí pé àwọn ọ̀dọ́ akọrin wa máa ń ya fótò nínú ìsìn, mo ní wọ́n á gbé ojú mi síta.

Orí fóònù yẹn náà ni mo ti rí ìpara. Obìnrin kan ló gbé àwòrán ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì síbẹ̀, ọ̀kan ní ilà, èkejì ń dán, ó ní òun ń tà á ní Bilbalogo lẹ́bàá ọjà ńlá. Mo lọ bá a. Ó fún mi nínú agolo kékeré kan, ó ní kí n kọ́kọ́ fi ra ẹ̀gbẹ́ kan, bí ó bá ta mí díẹ̀, kí n mú un mọ́ra, iṣẹ́ ló ń ṣe. Mo gbé e délé, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà sí i lórí. Ẹ gbọ́ mi ṣá? Mo ní kí Olúwa jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kì í dáhùn gbogbo àdúrà.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ta mí bí ata. Mo mú un mọ́ra, mo tún fi kún un. Nígbà tó yá, ó lé, ó bó, ó ń ṣomi. Ẹ̀gbẹ́ ojú mi wú títí ẹyinjú òsì fi pa dé. Ibà mú mi. Mo dùbúlẹ̀, mo gbé fóònù, mò ń wá ẹni tí màá pè. Ará, fóònù mi kún fún àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀rẹ́ mi, n kò rí ẹyọ kan tí mo lè sọ fún pé ẹ gbà mí. N kò lè pe ìyá mi. Kí ni màá wí fún un, pé mò ń pa ilà tó ní kí wọ́n kọ fún mi rẹ́? Mo dá wà nínú yàrá yẹn bí ẹni pé ìlú ti ṣí lọ tí wọ́n gbàgbé mi. N kò mọ̀ pé èèyàn lè dá wà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú tí gbogbo èèyàn ń gun mọ́tò kọjá.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run! Ẹ bá mi yìn Ín! Ìyá àgbà onílé wa, tí gbogbo àgbàlá ń pè ní Yaaba, ìyẹn ni ìyá àgbà lédè wọn, kò gbọ́ ariwo máṣíìnì mi mọ́. Ó ní òun ti ń fi máṣíìnì yẹn mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ó kan ìlẹ̀kùn, mo ní mo wà dáadáa. Ó tún kàn án, mo ní mò ń sùn. Ìgbà kẹta, kò kàn án mọ́, ó wọlé. Ó ká ìbòrí kúrò lójú mi, kò pariwo, ó jókòó sórí ẹní mi. Ó sọ ọ́ ní Mooré, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n lè gbọ́ ọ. Ó ní, "Ọmọ mi, ilé mi lo wà. Kí ló dé tó o fi ń ṣàìsàn bí ẹni tí kò ní ilé?"

Ó gbé mi sẹ́yìn mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ méjì ọmọ rẹ̀ obìnrin, òun náà há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mi, ó dì mí mú kí n má ṣubú. Báyìí la dé ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí.

Dókítà tó rí mi, Mọ́sì ni. Ọkùnrin tó ti ń dàgbà, ilà gígùn ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀bá etí títí dé àgbọ̀n. Ó bi mí ohun tí mo fi ra á, mo fún un ní agolo náà. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. Ó ní díẹ̀ ló kù kó dé inú ẹyinjú, ká ní mo dúró sí i, òun kì bá rí nǹkan ṣe. Ó ní òun máa gba ẹyinjú náà là, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí nípa awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí ìdí tí mo fi ṣe é. Báwo ni màá ṣe sọ fún ẹni tó ní ilà tó gùn ju tèmi lọ pé nítorí ilà ni?

Mo wá ń lọ síbẹ̀ ní àràárọ̀ kí wọ́n lè wẹ ojú egbò fún mi. Yaaba ń bá mi lọ, ó ń jókòó lórí bẹ́ńṣì. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ̀ ẹ́ fún mi jẹ́ obìnrin sísanra kan, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń di báńdéèjì mọ́ mi lójú lọ́wọ́ nígbà tí dókítà wọlé nínú aṣọ funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó ní, "Ẹ wo ẹrú mi! Ta ló gbà fún ọ láti wọ aṣọ tó mọ́ tó báyìí? Ológbò tó fa ojú rẹ ya ì bá ti fa èyí náà ya!"

Ọ̀rọ̀ tó lé mi kúrò láàárín èèyàn rèé, nọ́ọ̀sì ló ń sọ ọ́ sí dókítà, lójú gbogbo aláìsàn. Mo di bẹ́ńṣì mú. Mo ní ó parí, wọ́n máa lé obìnrin yìí lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà wò ó. Ó ní, "Sámò, ṣé o fọ ọwọ́ rẹ lẹ́yìn tó o jẹ orí ajá tán, kó o tó fọwọ́ kan aláìsàn mi?" Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Yaaba ló rẹ́rìn-ín jù, òun náà fi tirẹ̀ kún un, nọ́ọ̀sì ń nu omi ojú ẹ̀rín.

Èmi nìkan ni mò ń sunkún. Nọ́ọ̀sì rò pé òun ti dùn mí lójú egbò, ó ń bẹ̀ mí. Mo ní, "Kí ló ṣe yín tẹ́ ẹ fi bú dókítà?" Wọ́n ń wo ara wọn. Dókítà ló kọ́kọ́ yé. Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Ó ní àwọn Mọ́sì bíi tòun àti àwọn Sámò, ìran nọ́ọ̀sì yìí, láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti jọ ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Sámò lè pe Mọ́sì ní ẹrú òun, Mọ́sì náà lè pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè bú ara wọn lọ́jà, lójú òkú, níbi iṣẹ́ ìjọba, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni bínú. Ó ní tí Sámò kan bá rí òun tí kò bú òun, òun á rò pé ó ń ṣàìsàn ni.

Mo yọ fóònù jáde, mo fi hàn wọ́n. Nọ́ọ̀sì ka ohun tí ọkùnrin yẹn kọ, ó rí orúkọ ìdílé rẹ̀, ó fò sókè, ó ní ará ilé òun ni, Sámò gidi! Ó ti ń rẹ́rìn-ín lọ. Ìgbà náà ló wo báńdéèjì ojú mi, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ó rí ilà rẹ, ó rò pé Mọ́sì ni ọ́." Yaaba kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbá ọwọ́ mi mú, kò fi sílẹ̀ títí a fi délé.

Ẹ rò pé inú mi dùn lójú ẹsẹ̀? Rárá o. Inú bí mi. Mo bínú sí ọkùnrin náà, mo bínú sí fóònù, mo bínú sí Ọlọ́run, kí Ó dárí jì mí. Mo sun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi jóná nítorí ẹ̀fẹ̀ tí ọmọdé àgbàlá wa mọ̀! Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó lọ, mo rí i pé ọkùnrin yẹn kọ́ ló rán mi sí Bilbalogo. Kò sọ pé ojú mi kò dára. Ojú àwọn obìnrin tó ń dán yẹn ni mo ń fi wọn ara mi ní ojoojúmọ́ títí n kò fi rí nǹkan kan tó dára nínú tèmi.

Olúwa ṣeun, ẹyinjú mi là! Ẹ bá mi yin Olúwa, mò ń rí yín kedere, kódà mo rí ẹni tó ń sùn níbẹ̀ yẹn. Egbò náà jinná. Ẹ wò mí, mo ti ká ìbòrí. Pélé mẹ́ta ṣì wà ní ọ̀tún. Ní òsì, kò sí nǹkan kan, awọ dúdú tó ń dán ni. Dókítà ní kò ní padà mọ́.

Mo wá kọ̀wé sí ọkùnrin náà. Mo ní n kì í ṣe Mọ́sì, Nàgó ni mí láti Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn mí gan-an. Ó fèsì kíá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ní Tougan, ìlú àwọn Sámò, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ, fóònù ló fi ń bá èèyàn ṣeré. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, Madame. N kò mọ̀ pé àlejò ni yín. N kò ní kọ irú rẹ̀ mọ́." Nígbà tí mo tún gbé àwòrán síta, pẹ̀lú orí lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó kọ ọ́ pé, "Aṣọ náà dára, Madame."

Mo wo ọ̀rọ̀ yẹn títí. Madame. Ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi: ó dùn mí ju ọ̀rọ̀ ológbò lọ. Ní gbogbo ìlú yìí, kí Yaaba tó wọlé bá mi, ẹnì kan ṣoṣo ló ti pè mí bí ọmọ ilé, n kò mọ̀, mo fi ọwọ́ ara mi lé e síta. Mo gbé orí lé máṣíìnì, mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí Yaaba fi wọlé láìkàn. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ẹkún kọ́ ni ìdáhùn Sámò. Ó kọ́ mi ní ohun tí màá sọ, èmi sì kọ ọ́ pé, "Sámò ajorí-ajá, ta ló ní kó o dákẹ́? Ìwọ ẹrú mi, ta ló fún ọ ní ìsinmi?"

Mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ó ní, "Háà! Ẹrú mi dé! Ológbò tó fa ojú rẹ yẹn, ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni, tó fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín! Ẹ̀yin ará, mo rẹ́rìn-ín sí ojú ara mi, mo rẹ́rìn-ín títí aṣọ oníbàárà fi fẹ́ jóná. Yaaba ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun, òun náà rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ará àgbàlá. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú wọn. O ṣeun, Bàbá. O ṣeun, O ṣeun, n kò ní dákẹ́ ọpẹ́.

N kò wá pa irọ́ fún yín pé n kì í dá wà mọ́. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ṣì ń dá jẹun. Ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ojú mi ní ṣíṣí. Ìwọ ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbọ́ mi, tó o ti wo fóònù títí tó o fi kórìíra imú rẹ, tàbí àwọ̀ rẹ, tàbí ìdí rẹ, má lọ sí Bilbalogo. Wá sí Dapoya, béèrè Félicité aránṣọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run tó rán Yaaba sí mi, kò tíì rẹ̀ Ẹ́. Bí o kò bá lè sọ̀rọ̀, kan jókòó, máṣíìnì á máa bá wa sọ ọ́.

Ẹ bá mi fi ìyìn fún Un, Ọba tó mọ ojú kọ̀ọ̀kan wa. Àti ẹ̀yin ará mi, bí ìsìn bá parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi níbí, ẹ bú mi, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ pè mí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà pè mí ní Madame.